Bí Òkèlè Bá Dínkù, Kí Ọbẹ̀ Pọ̀ Sí I

Iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ ẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Oúnjẹ afúnnilágbára ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì yẹ àwọn àgbà tó pa òwe náà, nítorí ebè kíkọ ń lo agbára iyán tán lára wọn. Orí àga ni púpọ̀ nínú wa ń jókòó sí lónìí. N kò bá ẹni tó fẹ́ dín òkèlè kù jà, pàápàá ẹni tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ga. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni ohun tó ń ṣẹ́ kù sínú abọ́.

Ẹ wo abọ́ náà: ṣíbí ọbẹ̀ méjì, pọ̀nmọ́ kan, ẹran tí kò ju ìka lọ. Ọbẹ̀ tí a fi ń ti ẹ̀bà lọ́fun nìyẹn, kò tó àgbàlagbà jẹ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ: ebi ni yóò kọ́kọ́ dé, ìgbẹ́ líle, òòyì àti àárẹ̀ á sì tẹ̀ lé e.

Ọbẹ̀ gan-an ni kó di oúnjẹ. Kí tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewúro tàbí ilá gba ìdajì abọ́, nítorí àwọn ló ń mú ìgbẹ́ rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bọ ẹ̀fọ́ títí kẹ́ ẹ tún da omi rẹ̀ nù. Fítámínì C ń bá omi yẹn lọ. Ẹ má sì jó epo pupa títí yóò fi funfun, torí fítámínì A rẹ̀ á ṣòfò. Ẹ̀gúsí dára púpọ̀. Ẹja kéékèèké tí a ń jẹ teegunteegun ń fún eegun tiwa lókun.

Ẹni tó wọn kílò 70 nílò bíi gíráàmù 56 èròjà amáradàgbà lóòjọ́, ẹyin kan kò sì ní ju bíi 6 lọ. Ẹ fi ẹja, ẹran, adìẹ àti wàrà kún un. Pọ̀nmọ́ nìkan ò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Èròjà rẹ̀ kò pé. Àwọn kan ti lé ẹ̀wà kúrò nílé pátápátá, n kò gbà pẹ̀lú wọn. Agbára wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí gààrì kò ní ló kún inú rẹ̀. Ẹ bu díẹ̀ jẹ.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ara ń kó ṣúgà pamọ́ pẹ̀lú omi. Bí a bá dá òkèlè dúró lójijì, omi náà á bá ìtọ̀ jáde, iyọ̀ á tẹ̀ lé e, orí á máa fọ́. Omi ló pọ̀ jù nínú kílò tó ń lọ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́.

Aláboyún, ìyá ọlọ́mọ àti ẹni tí kíndìnrín ń yọ lẹ́nu gbọ́dọ̀ rí dókítà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń lo abẹ́rẹ́ tàbí oògùn àtọ̀gbẹ kò gbọ́dọ̀ dá a ṣe rárá, nítorí ìwọ̀n oúnjẹ àtijọ́ ni wọ́n fi díwọ̀n oògùn rẹ̀. Bí oúnjẹ bá dínkù tí oògùn ò dínkù, ṣúgà lè já wálẹ̀: òógùn á bò ó, ara á máa gbọ̀n, ojú á ṣú. Kó tètè mu omi ṣúgà, kí wọ́n sì gbé e lọ sílé ìwòsàn.