Ẹ̀KỌ́ FÚN ÀWỌN ÒBÍ: ÉLÌ GBỌ́ LẸ́NU ARÁ ÌTA
Kíkà: 1 Sámúẹ́lì 2:22-25

Ẹ̀yin òbí, ẹ kíyè sí ẹsẹ 23: ẹnu àwọn ènìyàn ni Élì ti gbọ́ ìwà àwọn ọmọ rẹ̀. Àwa tí a ń kúrò ní Galadimawa kí ilẹ̀ tó mọ́, tí a ń ti ọ́fíìsì tàbí ọjà Wuse dé lálẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa rí.

Ní ọdún 2018, Ìjọba Àpapọ̀ fi òfin de ṣíṣe oògùn ikọ́ olómi tí ó ní codeine nínú, àti kíkó o wọ̀lú. Ṣùgbọ́n tramadol, oògùn ìrora, kò ju ohun tí ń wọ àpò ṣòkòtò ọmọ ilé-ìwé lọ.

Bí aládùúgbò bá wá fi ẹjọ́ ọmọ sùn, ẹ má ṣe sọ ọ́ di ọ̀tá. Ẹ fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bi ọmọ náà. Bí ó bá ti di bárakú, ẹ má tì í mọ́ yàrá: bí ó bá ṣíwọ́ lójijì, gìrì lè mú un. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn; àdúrà yóò bá a lọ síbẹ̀.