Ohun Tí A Kọ Sí Ara: Ilà, Fínfín àti Àbámọ̀

Ẹ̀KỌ́ FÚN ÌPÀDÉ ÀÁRÍN Ọ̀SẸ̀
Ibi kíkà: Léfítíkù 19:28, 1 Sámúẹ́lì 16:7, Gálátíà 6:17
Kókó ẹ̀kọ́: Ara a máa pẹ́ ju ìdí tí a fi kọ nǹkan sí i lọ.

1. Ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ yìí kì í ṣe èyí tí a ṣàdédé yàn. Ọ̀rọ̀ tí ó ṣẹlẹ̀ láàárín wa ni ó bí i. Ní ọjọ́ tí a ń to bẹ́ǹṣì fún ìsìn ìkórè, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ẹgbẹ́ akọrin ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì rí i pé a fín orúkọ obìnrin kan sí i ní apá. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àwọn àgbà kan ti ń wí pé kò yẹ kí ó tún dúró níwájú ìjọ láti kọrin mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ náà dá wọn lóhùn pé: "Ìyá wa tí wọ́n jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá, ṣebí ilà wà lójú tiwọn náà? Ta ni ó ní kí wọ́n lọ bo ojú?" Ìhà méjèèjì tọ̀ wá wá. A bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ní sùúrù, kí gbogbo wa lè jọ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò láti ìpìlẹ̀.

ORÚKỌ OHUN TÍ À Ń SỌ

2. Kí a tó dá ẹjọ́, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí à ń dá ẹjọ́ lé lórí, nítorí àwọn baba wa kò da gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ra. Ilà ni èyí tí olóólà fi abẹ kọ sí ojú ọmọ, kí a lè mọ ìdílé tàbí ìlú tí ó ti wá: àbàjà, pélé, gọ̀mbọ́, kẹ́kẹ́ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Gbẹ́rẹ́ ni èyí tí a sín sí ara nítorí oògùn. Fínfín ni èyí tí a fi ohun mímú gún sí apá, àyà tàbí itan, tí a sì fi ohun dúdú pa á, kí ó lè jẹ́ ọ̀ṣọ́. Òun ni àwọn ọmọ òde òní ń pè ní tatú. Ó wá ku bùjé àti làálì, tí wọ́n jẹ́ ọ̀ṣọ́ orí awọ lásán. Làálì kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni ní Lọ́kọ́ja, níbi tí àwa Yorùbá ti ń bá àwọn Nupé, Haúsá, Ìgbìrà àti Igálà gbé; a máa ń rí i ní ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ìyàwó tuntun. Bùjé àti làálì a máa ṣí kúrò. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi wí pé fáàrí bùjé kò pé isán. Ṣùgbọ́n ilà àti fínfín kì í ṣí. Àwọn méjèèjì wọ̀nyí ni ẹ̀kọ́ wa dá lé.

ILÀ: ÈYÍ TÍ A KỌ FÚN ẸNI TÍ KÒ LÈ YÀN

3. Àlùfáà Samuel Johnson ti Ọ̀yọ́ to ọ̀pọ̀ ilà Yorùbá lẹ́sẹẹsẹ nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921. Ilà Yàgbà wà níbẹ̀: ìlà gígùn mẹ́ta tí wọ́n pàdé ní igun ẹnu. Ní ayé ogun àti ìkónilẹ́rú, ilà ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Ọmọ tí a jí gbé lè gbàgbé orúkọ baba rẹ̀, ṣùgbọ́n ará ilé rẹ̀ tí ó bá pàdé rẹ̀ ní ọ̀nà jíjìn yóò wo ojú rẹ̀, yóò sì mọ̀ ọ́n. Ní oṣù kìíní ọdún 1897, àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company gbéra láti Lọ́kọ́ja wa yìí, wọ́n gba Kábà kọjá, wọ́n sì ṣẹ́gun Bídà. Láti ìgbà náà ni ìkónilẹ́rú tí ó ti da àwọn Yàgbà, Bùnú, Ìjùmú àti Owé láàmú ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Ìdí tí a fi ń kọ ilà ń kọjá lọ, ṣùgbọ́n abẹ kò tíì sinmi. Ojú tí a bá sì ti kọ, ó ti kọ náà nìyẹn.

4. A lọ bá ìyá wa ní ilé. Yàgbà ni wọ́n. Wọ́n sọ fún wa pé àwọn kò tíì pé ọmọ ọdún kan nígbà tí a kọ ilà náà, àwọn kò sì rántí ìrora rẹ̀. Omi ìgbín ni wọ́n gbọ́ pé olóólà fi tu ojú náà lára. Ohun tí wọ́n rántí ni ilé-ìwé ní Lọ́kọ́ja, níbi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti ń fi ojú wọn ṣe ẹlẹ́yà, tí wọn kò sì fẹ́ jókòó síwájú nítorí èyí. Wọ́n tún sọ pé nígbà tí ìyá tí ó bí wọn kú, wọ́n wo dígí, wọ́n rí ilà ìyá wọn ní ojú ara wọn, inú wọn sì dùn pé ó wà níbẹ̀. A bi wọ́n bóyá wọ́n kábàámọ̀ rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní: "Ẹni tí kò yàn nǹkan, kí ni yóò kábàámọ̀? Ohun tí èmi yàn ni pé n kò gbà kí wọ́n kọ ọ́ fún ọmọ mi kankan." Ẹ kíyè sí i, ẹ̀yin ará. Ẹnu kan náà tí kò tàbùkù sí ilà ìyá rẹ̀ ni ó wí pé kí ó parí sí ojú òun.

5. Òfin ilẹ̀ wa pàápàá ti sọ̀rọ̀ lórí èyí. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, ní ìpín kẹrìnlélógún, kà á léèwọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni kọ ilà tàbí kí ó fín ara fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18. Ẹni tí ó bá ṣe é lè san owó ìtanràn tí kò ju 5,000 náírà lọ, tàbí kí ó lọ sí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù kan lọ, tàbí kí ó jẹ méjèèjì. Ní 2017, Dino Melaye, tí ó ń ṣojú Ìwọ̀-oòrùn Kogí ní Ilé Aṣòfin Àgbà nígbà náà, mú àbá òfin kan wá láti fi òpin sí ilà ojú, ilé náà sì kà á ní ìgbà kejì. Àwọn kan nínú wa wí pé òfin fẹ́ pa àṣà. Àwa rò pé òfin kò bá ojú ẹni tí a ti kọ jà rárá. Ọwọ́ tí ó fẹ́ kọ ti ẹlòmíràn láìbéèrè ni ó dì mú.

FÍNFÍN: ÈYÍ TÍ ẸNI FI ẸSẸ̀ ARA RẸ̀ RÌN LỌ ṢE

6. Ti ọ̀dọ́mọkùnrin wa yàtọ̀. Kò sí ẹni tí ó dì í mú. Ó sọ fún wa pé ọmọ ọdún 17 ni òun nígbà náà, tí òun ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ, tí òun sì fẹ́ràn ọmọbìnrin kan. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú un lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ń fín ara, kò sì tó wákàtí kan tí ó fi parí. Gẹ́gẹ́ bí òfin tí a sọ tán, ẹni tí ó fín in ti ṣẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ náà ni ó san owó. Kò pé ọdún kan tí òun àti ọmọbìnrin náà fi pínyà. Nísinsìnyí ó ti di ẹni ọdún 26, ó sì ń múra àtigbé ẹlòmíràn níyàwó. Ó ní òun kì í wọ ẹ̀wù alápá kúkúrú, àní nínú oòrùn oṣù kẹta pàápàá, àwa tí a sì ń gbé ní Lọ́kọ́ja mọ bí oòrùn náà ti rí.

7. Lórí irú nǹkan báyìí, èrò àwọn ènìyàn kò pa pọ̀. Àwọn kan wí pé: "Ara mi ni, kí ló kan ẹlòmíràn?" Àwọn mìíràn wí pé jàǹdùkú ni í fín ara. Àwọn mìíràn a sì ṣí Léfítíkù orí 19. Òótọ́ ni pé ibẹ̀ kọ̀ fún Ísírẹ́lì láti sín ara nítorí òkú, àti láti kọ àmì sí ara. Ṣùgbọ́n àwọn onígbàgbọ́ kò fi ẹnu kò lórí bí àṣẹ náà ṣe kan àwa. Ní Íjíbítì, ọ̀pọ̀ àwọn Kristẹni Kọ́ptì ni ó ń fín àgbélébùú kékeré sí ọrùn-ọwọ́, kí a lè mọ̀ wọ́n ní Kristẹni. Bákan náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi àmì tí Pọ́ọ̀lù sọ nínú Gálátíà 6:17 gba àṣẹ fún ara rẹ̀. Àpá ìnà àti ìyà ni tirẹ̀, kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Nítorí náà, a kò ní fi ẹsẹ kan ṣoṣo na ẹnikẹ́ni.

ǸJẸ́ ÀWỌN ÈNÌYÀN A MÁA KÁBÀÁMỌ̀ RẸ̀?

8. Kí a má ṣe fi irọ́ ran òtítọ́ lọ́wọ́. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó fín ara ni ó ń sunkún. Ní 2023, ilé-iṣẹ́ ìwádìí Pew béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbàlagbà ní Amẹ́ríkà. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, 32 ni ó ní fínfín lára. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó ní in, 24 wí pé àwọn ti kábàámọ̀ ọ̀kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí ni pé nínú mẹ́rin, ẹnì kan ń kábàámọ̀, mẹ́ta kò sì kábàámọ̀. Bí àgbà bá sọ fún ọmọ rẹ̀ pé gbogbo wọn ni ó ń kábàámọ̀, ọmọ náà yóò rí ẹni tí kò kábàámọ̀ ní òpópónà lọ́la, kò sì ní gba ọ̀rọ̀ àgbà náà gbọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ̀ pé nínú ọkọ̀ mẹ́rin tí ń kọjá odò, ọ̀kan yóò dojú dé, ṣé kò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó wọ ọkọ̀?

9. Láti inú ohun tí àwọn ènìyàn sọ fún wa, àbámọ̀ ń gba ọ̀nà mẹ́ta wọlé. Èkíní ni ọjọ́ orí: ẹni ọdún 17 fi ọwọ́ sí ìwé tí ẹni ọdún 50 yóò máa kà. Èkejì ni orúkọ ènìyàn, nítorí ìfẹ́ lè yẹ̀, orúkọ kì í sì í ṣípò. Ẹ̀kẹta ni iṣẹ́: àwọn ìkéde ìgbaniwọlé Ọmọ-ogun Nàìjíríà máa ń kọ ọ́ pé àwọn kò gba ẹni tí ó ní fínfín tàbí ohun tí a kọ sí ara. Àwọn òbí tún gbọ́dọ̀ ṣọ́ àwọn ọmọ kéékèèké. Ìpínlẹ̀ Kogí wà lára ibi tí kajú pọ̀ sí jù lọ ní Nàìjíríà, àwọn ọmọ ilé-ìwé a sì máa fi oje inú èèpo kóró rẹ̀ kọ orúkọ sí apá. Tàdáwà kọ́ ni oje náà. Ṣe ni ó ń jó awọ bí iná, àpá rẹ̀ a sì kù.

BÍ A BÁ FẸ́ PA Á RẸ́ ŃKỌ́?

10. Ọ̀pọ̀ rò pé bí nǹkan kò bá wu àwọn mọ́, àwọn yóò fọ̀ ọ́ kúrò. Kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Awọ òde ara a máa bó díẹ̀díẹ̀, tuntun a sì rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀, nínú awọ kejì, ni abẹ́rẹ́ gbé tàdáwà sí. Àwọn ẹ̀yà tí ń dáàbò bo ara gbé e mì, wọ́n sì dì í mú síbẹ̀. Bí ọ̀kan bá kú, òmíràn a tún gbé e mì. Ẹ̀rọ lésà a máa fi ìmọ́lẹ̀ líle fọ́ tàdáwà náà sí wẹ́wẹ́, kí ara lè kó o dànù. Ènìyàn ní láti lọ lọ́pọ̀ ìgbà, owó rẹ̀ kò kéré, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ ìyeyè sì le ju dúdú lọ. Awọ dúdú bíi tiwa lè ṣe funfun tàbí kí ó ṣú ní ojú ibẹ̀, àwọn ẹlòmíràn a sì ní àpá tí ń wú sókè. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ásíìdì tàbí irin gbígbóná pa á rẹ́ ní ilé. Dókítà awọ ara ni kí a lọ bá. Ẹ tún rántí pé abẹ́rẹ́ tí a fi fín ẹlòmíràn, bí a kò bá sè é dáadáa, lè gbé àrùn éèdì àti jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀ ẹni.

OHUN TÍ A RÍ KỌ́

11. Ọ̀rọ̀ wa sí ẹ̀yin ọ̀dọ́ nìyí. Bí ó bá wù yín, ẹ dúró ọdún kan gbáko. Ẹ fi làálì ya ohun tí ẹ fẹ́ sí ibi tí ẹ fẹ́ ẹ, kí ẹ gbé e rìn lọ sí ọjà, sí ibi iṣẹ́ àti síwájú ìyá yín. Nígbà tí ó bá ṣí, kí ẹ bi ara yín léèrè bóyá ẹ ṣì fẹ́ ẹ. Ẹ má sì ṣe kọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Àwọn àgbà wí pé títa ríro là á kọlà, bí ó bá jinná tán a di oge. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n oge ayé kan lè di ẹ̀sín ayé kejì, ara kan náà ni yóò sì gbé méjèèjì.

12. Ọ̀rọ̀ wa sí ẹ̀yin àgbà nìyí. Àwa tí a ti ilé wá sí ìlú yìí láti ṣiṣẹ́ àti láti jẹun, a mọ bí ó ti ń rí nígbà tí a bá fi ojú lásán dá ẹjọ́ àlejò. Ìyá wa kò yan ilà wọn. A ń bọ̀wọ̀ fún wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà yan tirẹ̀ ní àìgbọ́n, ó sì ti jẹ̀bi ara rẹ̀ tó. Bí a bá lé e kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin, orúkọ náà kò ní torí rẹ̀ kúrò ní apá rẹ̀. Òun nìkan ni yóò kúrò láàárín wa. Afẹ́sọ́nà rẹ̀ mọ̀ nípa rẹ̀ kí àwa tó mọ̀. Ohun tí ó sọ fún wa ni pé: "Ó ti wà níbẹ̀ kí n tó dé. Òun ni mo fẹ́, kì í ṣe apá rẹ̀." Bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dùn jù bá lè gbà á mọ́ra, kí ni tiwa? A ti fi ẹnu kò, nítorí náà, pé ipò rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin dúró bí ó ti wà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pàṣẹ alápá gígùn fún un. Bí ó bá fẹ́ wọ̀ ọ́, kí ó jẹ́ ìfẹ́ inú ara rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ sì ti gbà láti bá àwọn ọmọ kíláàsì ọjọ́ ìsinmi sọ̀rọ̀ lórí ohun tí ojú rẹ̀ ti rí. Àwa rò pé wọn yóò gbọ́ tirẹ̀ ju tiwa lọ.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ
(a) Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ilà, gbẹ́rẹ́, fínfín àti bùjé?
(b) Kí ni iṣẹ́ tí ilà ń ṣe ní ayé ogun, kí ni ó sì dé tí iṣẹ́ náà fi tán?
(d) Kí ni ìyá wa yàn, bí wọn kò tilẹ̀ yan ilà ojú wọn?
(e) Èwo nínú ọ̀nà mẹ́ta tí àbámọ̀ ń gbà wọlé ni ó sún mọ́ àwọn ọmọ ilé rẹ jù lọ, kí ni ìwọ yóò sì sọ fún wọn?