Àbúrò Mi, Micrometer Nìkan Kò Tó

Àbúrò mi, sún mọ́ mi. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá ṣiṣẹ́ lórí lathe, mo gé ṣáàfùtì kan fún ìyá kan tó ń lọ ata. Ibi tí bíárìn máa jókòó sí lápá méjèèjì, mílímítà 25 géérégé ni. Mo wọ̀n ọ́n, mo tún un wọ̀n. Oṣù kan ò pé tí bíárìn fi bẹ̀rẹ̀ sí í han gooro. Ojú tí ìyá yẹn fi wò mí lọ́jọ́ tó gbé e padà wá, mi ò tíì gbàgbé rẹ̀.

Nǹkan tí ìbú rẹ̀ dọ́gba yíká lè má rí roboto, ṣé o mọ̀? Wo owó ẹyọ 50p tí ẹ̀gbọ́n wa mú bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù. Ìhà méje ló ní, síbẹ̀ bó ṣe wù kó o yí i lẹ́nu micrometer, mílímítà 27.3 náà ni. Irin náà lè wú níbi mẹ́ta bẹ́ẹ̀, pàápàá òrùka tín-ín-rín tí ẹnu mẹ́ta chuck fún jù. Gbé e sórí irin tí a gbẹ́ bíi lẹ́tà V, gbé ẹsẹ̀ dial gauge lé e, kó o máa fọwọ́ yí i díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ aago yóò fi ibi tó wú hàn ọ́.

Àmọ́ ṣáàfùtì tèmi rí roboto ní tiẹ̀. Ohun tó ṣe mí ni pé mo gé apá kan tán, mo tú u, mo yí i padà, mo wá gé ìkejì. Àárín apá méjèèjì ò bá ara wọn mu mọ́. Bí àárín bá sì yẹ̀ ní mílímítà 0.05 péré, 0.10 ni aago máa kà, torí ó ń gòkè, ó ń sọ̀.

Runout nìyẹn. Lórí àwòrán, ọfà kan ni àmì rẹ̀ bí ó bá jẹ́ ojú kan ni wọ́n fẹ́ kó o wọ̀n, ọfà méjì bó bá jẹ́ gbogbo gígùn rẹ̀. Jọ̀ọ́, má fojú fo lẹ́tà tó gbẹ̀yìn nínú àpótí tí ọfà náà wà. Òun ló ń sọ ibi tó o máa fi ṣe ìdí kó o tó yí irin. Bó o bá gbé e lé ibòmíràn, gbogbo ohun tí aago bá kà, asán ni.

Ibi tí kò kan nǹkan kan láàárín ṣáàfùtì, má da ara rẹ láàmú lórí rẹ̀. Ibi bíárìn àti ibi pulley ni kó o fi ọkàn sí. Gbẹ́ ihò sí àárín orí méjèèjì, gbé irin náà sáàárín ṣónṣó méjì, kó o sì gé gbogbo wọn tán láì tú u.

Bí mo ṣe gé ìkejì fún ìyá náà nìyẹn, mi ò gba kọ́bọ̀. Aago ò mì kọjá 0.02.