Ẹ̀KỌ́ LÁTI ORÍ ÒKÈ INÁ KAN

Ẹni tí ó bá ti Ọjà'ba tàbí Bẹẹrẹ gun òkè Màpó, níbi tí a ṣí gbọ̀ngàn ńlá nì sí ní 1929, yóò mọ̀ pé ìlú olókè ni Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n òkè kò rí bákan náà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ohun kan náà ni ó bí gbogbo wọn.

Ní Edinburgh, ní ilẹ̀ Scotland, ìlú tí Dókítà Obadiah Johnson, àbúrò òpìtàn wa Samuel Johnson, ti kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, òkè kan wà tí à ń pè ní Arthur's Seat. Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 251. Òkè iná ni í ṣe ní nǹkan bí 340 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Iná náà ti kú pátápátá. Lẹ́yìn náà ni yìnyín ńláńlá wọ́ kọjá lórí rẹ̀, ó fá èyí tí ó rọ̀ lọ, ó sì ku èyí tí ó le. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni James Hutton, tí ó kú ní 1797, ti rí i pé òkúta yíyọ́ ni ó gba àárín òkúta mìíràn kọjá kí ó tó dì. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ ni í rí ìfun inú eèrà. Òkè ti Ìbàdàn kì í ṣe òkè iná. Òkúta àtijọ́ ni, tí ooru àti ìwúwo inú ilẹ̀ ti yí padà.

Nígbà tí àwa ọmọ Yorùbá mẹ́sàn-án tí ń gbé Edinburgh jùmọ̀ gun òkè náà, a ti ṣe àdéhùn nísàlẹ̀ pé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́ra ni kí ó ṣíwájú, àti pé bí ọ̀kan bá padà, gbogbo wa ni yóò padà. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí a dé ṣóńṣó rẹ̀, afẹ́fẹ́ líle dé. Ìyá àgbà kan láàárín wa jókòó, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ máa lọ, n ó dúró dè yín."

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tí yóò padà sí Nàìjíríà ní ọ̀sẹ̀ náà. Kò tún ní rí àyè gùn ún mọ́. Ó wo òkè, ó wo ìyá, ó sì wí pé, "Rárá o, Màmá. Ẹni tí ó ti làágùn, tí ó sì jókòó nínú òtútù, ewu ń bẹ fún un." Ó gbé àpò wọn kọ́ èjìká. A forí pamọ́ sí ẹ̀yìn àpáta, a mu tíì gbígbóná. Nígbà tí afẹ́fẹ́ kò rọlẹ̀, gbogbo wa sọ̀kalẹ̀ pọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ tí ń kó ọmọ lọ sí orí òkè, ẹ ka iye wọn kí ẹ tó gbéra, ẹ jẹ́ kí ọmọ tí ó lọ́ra ṣíwájú, kí àgbàlagbà kan sì wà lẹ́yìn. Ẹ ti fohùn ṣọ̀kan lórí ìgbà tí ẹ ó padà kí ẹ tó rí ṣóńṣó, nítorí bí ojú bá ti rí i, ó ṣòro fún ẹsẹ̀ láti yí padà.