Ẹni Tó Fẹ́ Jáwọ́ Nínú Ọtí Kò Gbọdọ̀ Dá Rìn



Ẹ̀yin òbí àti ọmọ ìyá wa nínú ẹ̀sìn, ọ̀rọ̀ abẹ́ aṣọ ni ọ̀rọ̀ tiwa lóṣù yìí. Ìyá kan bá wa sọ̀rọ̀ lẹ́yìn asalátù ní Olúpọ̀nnà níbí. Ó ní lọ́dọọdún ni ọkọ òun máa ń túúbá. Tí Ramadan bá dé, kì í fẹnu kan ọtí títí oṣù yóò fi parí. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìtúnu, yóò tún padà sídìí ẹ̀. Ìtìjú kò jẹ́ kó lè lọ sí Jímọ̀ mọ́. Ìyá náà wá bi wá pé: "Ṣé ẹni tó lè fi í sílẹ̀ fún oṣù kan kò lè fi í sílẹ̀ pátápátá ni?"

A rò ó títí. Nínú Ramadan, gbogbo ilé àti àdúgbò ló ń bá a gbààwẹ̀. Lẹ́yìn ìtúnu, òun nìkan ló kù. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí.

Ohun tí ẹ̀sìn wa kọ́ wa

Haraamu ni ọtí, a kò jiyàn lórí ìyẹn. Ẹ wo bí òfin náà ṣe sọ̀ kalẹ̀. Suuratul Baqarah, ẹsẹ 219, kọ́kọ́ jẹ́ ká mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ inú rẹ̀ pọ̀ ju àǹfààní rẹ̀ lọ. Suuratun Nisaa, ẹsẹ 43, kọ̀ fún wa láti sún mọ́ ìrun nígbà tí ọtí bá ń pa wá. Lẹ́yìn náà ni Suuratul Maa'idah, ẹsẹ 90 àti 91, kà á léèwọ̀ pátápátá. Èyí kì í ṣe àyè fún ẹnikẹ́ni láti máa mu díẹ̀díẹ̀ lónìí. Ẹ̀kọ́ sùúrù ni fún àwa tí a fẹ́ ran ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Nínú hadiisi tí Bukhari gbà wá, wọ́n máa ń mú ọkùnrin kan wá sọ́dọ̀ Ànábì (S.A.W.) nítorí ọtí. Nígbà tí ẹnìkan ṣẹ́ èpè fún un, Ànábì kọ̀ fún un, ó sì jẹ́rìí pé ọkùnrin náà fẹ́ràn Ọlọ́run àti Òjíṣẹ́ Rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká bi ara wa: irú ẹnu wo ni àwa fi ń bá ọ̀mùtí ilé wa sọ̀rọ̀?

Kí ni ìpàdé yìí?

Ní ọdún 1935, ní ìlú Akron ní Amẹ́ríkà, Bill Wilson àti Dókítà Bob Smith, tí ọtí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ayé àwọn méjèèjì jẹ́, rí i pé bí àwọn bá ń sọ ìrírí àwọn fún ara wọn, àwọn lè wà láìmu. Bí ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous, tí à ń pè ní AA, ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó ti dé Nàìjíríà. Wọn kì í gba owó ìwọlé. Orúkọ kan péré ni èèyàn ń dá, kò sì pọn dandan kó sọ orúkọ bàbá rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń béèrè ni pé kó wu èèyàn láti jáwọ́. Ẹnìkan á sọ tirẹ̀, àwọn yòókù á fetí sílẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í bú ẹnikẹ́ni. Àwọn ìyàwó, ọkọ àti òbí náà ní tiwọn, Al-Anon, láti ọdún 1951.

Kí èèyàn gba ìwòsàn láàárín èèyàn kì í ṣe àjèjì sí wa. Ní Àrò, ní Abẹ́òkúta, láàárín ọdún 1950 sí 1960, Dókítà Adéoyè Lámbò ṣètò kí àwọn tí àìsàn ọpọlọ ń bá jà máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn ní abúlé tó wà nítòsí ilé ìwòsàn, kí wọ́n máa gba ìtọ́jú láti ibẹ̀.

Ohun tó ń kọ Mùsùlùmí lóminú

Àwọn kan ní, "Ṣé ìpàdé onígbàgbọ́ kọ́?" AA kì í ṣe ẹ̀sìn, bí wọ́n tilẹ̀ ń dárúkọ Ọlọ́run. Bí wọ́n bá ń gbàdúrà tí kì í ṣe tiwa, dákẹ́ kí o ṣe tìrẹ nínú ọkàn. Ní ọdún 1989, àwọn Mùsùlùmí ní Baltimore, ní Amẹ́ríkà, dá Millati Islami sílẹ̀, wọ́n gbé irú ètò yìí ka orí ẹ̀sìn wa.

Àwọn mìíràn ní Ọlọ́run bo àṣírí, kí èèyàn má tú u. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi ẹ̀ṣẹ̀ yangàn yàtọ̀ sí ẹni tó ń wá ìwòsàn. Àwọn onímọ̀ gbà pé a lè sọ ọ́ fún ẹni tó lè yọ wá.

Bí a ṣe máa ṣe é

1. Ọ̀dọ̀ dókítà ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Ẹni tó ń mu púpọ̀ lójoojúmọ́ kò gbọdọ̀ dáwọ́ dúró lójijì fúnra rẹ̀. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ara rẹ̀ lè máa gbọ̀n, gìrì lè gbé e, ó sì lè máa rí ohun tí kò sí. Èyí lè pa èèyàn. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíákíá.

2. Ẹ béèrè ìpàdé ní ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ ní UCH Ìbàdàn, ní ilé ìwòsàn Yunifásítì ní Ilé-Ifẹ̀, tàbí ní Àrò. Ẹni tí owó ọkọ̀ láti Olúpọ̀nnà wọ̀ lọ́rùn lè wá ìpàdé orí fóònù.

3. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Kò di dandan kó sọ̀rọ̀, kó ṣáà jókòó gbọ́. Bí ìpàdé kan kò bá bá a lára mu, kó gbìyànjú òmíràn.

4. Bí kò bá sí nítòsí, èèyàn méjì tó fẹ́ jáwọ́ ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n mú ọjọ́ kan pàtó, àti ibi tí kò sí lójú ọ̀nà. Ohun tí wọ́n bá gbọ́ níbẹ̀, kí ó parí síbẹ̀.

5. Ẹ ṣọ́ra fún àgbo jẹ̀dí tí wọ́n fi ọtí rẹ. Ọtí náà ni.

6. Bí ó bá tún ṣubú, kó padà sí ìpàdé lọ́jọ́ kejì. Ilẹ̀kùn túúbá kò tíì tì.

A sọ fún ìyá yẹn pé ọkọ rẹ̀ lè ṣe é, ṣùgbọ́n kò lè dá a ṣe. Ẹ̀yin ará ilé, ta ni yóò bá tiyín jókòó lẹ́yìn ìtúnu?

Kí Ọlọ́run yọ gbogbo ẹni tó há sínú rẹ̀, kí Ó sì fi wá ṣe ẹni tí yóò na ọwọ́ sí wọn. Aamiin.