Ẹ̀KỌ́ WA TI OṢÙ YÌÍ: INÁ BÍRÉÈKÌ ỌKỌ̀ ILÉ

Ẹ̀kọ́ tòní dá lórí iná bíréèkì, ìyẹn iná pupa tó ń tàn lẹ́yìn ọkọ̀ nígbà tá a bá tẹ bíréèkì. Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní ọkọ̀ tí a fi ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé, tí a tún fi ń kó ọjà.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ SÍ WA

Kì í ṣe ìtàn àgbọ́sọ o, àwa gan-an ló ṣẹlẹ̀ sí. Òjò ń rọ̀ ní ìdájí ọjọ́ kan, a kó àpò elùbọ́ sí búùtù Corolla wa, ọmọ-ọmọ wa méjì jókòó sẹ́yìn, a forí lé ọjà Bódìjà. Nítòsí Ìwó Road, ọkọ̀ iwájú dúró, àwa náà tẹ bíréèkì. Gbàà! Awakọ̀ Micra kan ti kọlù wá lẹ́yìn lápá òsì. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ forí gbá ìjókòó iwájú, ó wú kókó. Inú bí wa gan-an. Ọmọkùnrin náà ń bẹ̀ wá pé, "Ìyá, iná yín ò tàn, mi ò mọ̀ pé ẹ fẹ́ dúró." A ní irọ́ ló ń pa. Gbogbo èrò gbè wá lẹ́yìn, wọ́n ní ẹni tó bá gbá ti iwájú ló jẹ̀bi. A gba gbogbo owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ rewáyà, ìyẹn ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, ó dúró lẹ́yìn ọkọ̀, ó ní, "Màmá, ẹ tẹ bíréèkì." A ní a ti tẹ̀ ẹ́. Kò sí ìkankan tó tàn. Ó wo fíúsì, ó ti jó. Ó fi tuntun síbẹ̀, a tún tẹ bíréèkì, òun náà jó lójú ẹsẹ̀. Ó wá ṣí búùtù. Lápá ọ̀tún, níbi tí ọkọ̀ ò ti gbá wa rárá, àpò elùbọ́ ti ń ha wáyà iná mọ́ irin tipẹ́tipẹ́, ara rẹ̀ ti bó. Ẹrù wa ló pa iná wa. Òótọ́ ni ọmọ ọlọ́mọ ń sọ.

BÍ A ṢE LÈ MỌ ÀÌSÀN INÁ BÍRÉÈKÌ

1. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan dúró sẹ́yìn, kí ẹ yí kọ́kọ́rọ́ títí iná dáṣíbọ́ọ̀dù yóò fi tàn, kí ẹ wá tẹ bíréèkì. Tí ẹ bá dá wà, ẹ fi ẹ̀yìn ọkọ̀ kọ ògiri lálẹ́, ẹ ó rí pupa rẹ̀ lára ògiri.

2. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan ni kò tàn, gílóòbù ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, okùn iná méjì ló wà nínú gílóòbù kan: ìkan fún iná alẹ́, ìkan fún bíréèkì. Nítorí náà, iná alẹ́ lè máa tàn kí ti bíréèkì ti kú. Ẹ má jẹ́ kó tàn yín jẹ. Ẹ pa iná, ẹ yọ gílóòbù náà, ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Bí okùn rẹ̀ bá já tàbí tó dúdú, ẹ mú un dání lọ ra irú rẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ ni wọ́n kọ 12V 21/5W sí lára. Etí rẹ̀ méjèèjì kì í dọ́gba, ẹ má fi tipátipá tì í bọlẹ̀. Bí gílóòbù bá dára, ẹ wo ihò rẹ̀ bóyá ó ti dípẹtà, ẹ fi sánpépà ha á.

3. Bí gbogbo rẹ̀ ò bá tàn, ó lè jẹ́ fíúsì tàbí súwíìṣì kékeré tó wà lókè ẹsẹ̀ bíréèkì. Bí ọkọ̀ òtòmátíìkì bá sì kọ̀ tí jíà ò kúrò ní P, ẹ tètè fura sí súwíìṣì yìí. Láti orí ọkọ̀ ọdún 1986 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti pàṣẹ iná bíréèkì kẹta, èyí tó wà láàárín lókè. Bí tòkúnbọ̀ yín bá ní in, tí òun nìkan ń tàn, a jẹ́ pé fíúsì àti súwíìṣì kò ní láìfí. Gílóòbù tàbí wáyà ẹ̀yìn ni kí ẹ wò.

4. Bí iná náà ò bá kú mọ́, súwíìṣì yẹn kan náà ni, tàbí rọ́bà kékeré tó ń tẹ̀ ẹ́ ló ti já bọ́. Bátìrì yóò kú mọ́jú, ẹni tó wà lẹ́yìn ò sì ní mọ ìgbà tí ẹ ń dúró.

ÌKÌLỌ̀

Fíúsì tó jó tún jó, ohun kan ló ń jó o. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wáyà dí i, tàbí fi èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ sí i. Ọkọ̀ lè gbiná bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kó wá ibi tí wáyà ti bó. Tiwa, tépù dúdú ló fi wé e, ó sì so ó sókè kúrò lọ́nà ẹrù. Gbogbo ohun tí a san kò tó owó kóńgò elùbọ́ kan.

Àwọn àgbà ní ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní ń bá ni rí tẹni. Ọjọ́ kẹta la tó rí ọmọkùnrin yẹn ní gáréèjì. A dá owó rẹ̀ padà, a sì bẹ̀ ẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ìyá, ó ti tán." Ìdọ̀bálẹ̀ yẹn dùn wá ju èébú lọ.

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó gbé ọkọ̀ wá má tíì lọ o. A ó máa dúró sẹ́yìn ọkọ̀ ara wa, ká bá ara wa wò ó. Olúwa á máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ wa.

Àwa ni tiyín,
Akọ̀wé Ẹgbẹ́