Olórí àti Ìlú Rẹ̀

Ibi kíkà: Òwe 29:1-14
Ẹsẹ àkọ́sórí: Òwe 29:2

Ẹ̀kọ́ wa ní ìdá mẹ́rin ọdún yìí dá lórí ohun tí ìwà olórí ń ṣe sí ìlú. Kí ẹnì kan ka ibi kíkà wa sókè kí a tó tẹ̀ síwájú.

1. Ohun tí Òwe kọ́ wa

Ẹsẹ kejì fi yé wa pé inú ará ìlú a máa dùn nígbà tí olódodo bá wà ní ipò, wọn a sì máa kérora nígbà tí ìkà bá ń ṣe àkóso. Gbogbo wa ni a mọ èyí. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ wo ẹsẹ kejìlá. Ó kọ́ wa pé bí olórí bá ń fetí sí irọ́, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ náà yóò di ènìyàn búburú. Èyí ni pé kì í ṣe ìyà nìkan ni olórí burúkú fi ń jẹ ìlú. A máa kọ́ ìlú ní ìwà burúkú pẹ̀lú. Àwọn àgbà ní, àgùntàn tó bá bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́.

2. Ohun tí ojú wa rí ní Àkúrẹ́

Àwọn ọ̀dọ́ àárín wa kò bá ọ̀rọ̀ yìí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1979, Olóògbé Olóyè Michael Adékúnlé Ajáṣin, ọmọ Ọ̀wọ̀, di gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó, nígbà tí Èkìtì ṣì wà pẹ̀lú wa. Olùkọ́ bíi tiwa ni bàbá yìí. Ó wà lára àwọn tí wọ́n ro èrò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn ní ọdún 1955. Nígbà tí ó di gómìnà, a kò gba owó ilé ìwé mọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíríámà. Ọmọ ìyá ẹlẹ́kọ jókòó ti ọmọ oníkòkó lórí bẹ́ǹṣì kan náà. A kò sọ pé kò ní àṣìṣe, nítorí ẹlẹ́ran ara ni. Ṣùgbọ́n inú àwọn tálákà dùn.

Nígbà tí ó di oṣù kẹjọ ọdún 1983, a tún dìbò. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, wọ́n kéde pé Olóyè Akin Ọmọ́bóríowó, ẹni tí ó ti jẹ́ igbákejì gómìnà tẹ́lẹ̀, ni ó wọlé. Àwọn ará ìlú mọ bí wọ́n ti dìbò, wọ́n sì fárígá. Wọ́n sun ilé ní Àkúrẹ́ àti ní ìlú mìíràn, wọ́n sì pa ènìyàn. Wọ́n pa Olóyè Ọláìyá Fágbàmígbé, òǹtẹ̀wé tí ó tún jẹ́ aṣòfin, ní Àkúrẹ́ níbí.

Ọ̀dọ́mọdé olùkọ́ ni wá nígbà náà. A dúró lójú fèrèsé, à ń wo èéfín, a sì sọ nínú ọkàn wa pé, “Ó tọ́ sí wọn.” Ọ̀rọ̀ náà ń dùn wá títí di òní. Àwọn tí a rẹ́ jẹ ni wá, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan ṣoṣo, irọ́ tí àwọn kan kéde ti sọ àwa náà di ẹni tí ó lè yọ̀ sí ikú aládùúgbò. Ohun tí ẹsẹ kejìlá ń wí nìyí.

Ilé ẹjọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, títí dé ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ, wọ́n sì dá Olóyè Ajáṣin láre. Ìlú tòrò, gẹ́gẹ́ bí ẹsẹ kẹrin ti kọ́ wa pé ìdájọ́ òtítọ́ ni ó ń mú ilẹ̀ dúró. Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ dá ipò padà, kò lè dá òkú padà.

3. Ipa tiwa

Ẹnì kan lè wí pé, “Obìnrin ni mí, kí ló kàn mí nínú ọ̀rọ̀ oyè?” Ẹ jẹ́ kí a wo ìlú Oǹdó tí kò jìnnà sí wa. Ìtàn wọn sọ pé obìnrin ni Òṣemàwé àkọ́kọ́, Pupupu ni orúkọ rẹ̀. Títí di òní, wọ́n ní Lóbùn, tí wọ́n ń pè ní ọba obìnrin, ọwọ́ rẹ̀ sì wà nínú fífi Òṣemàwé joyè. Nítorí náà, kò sí obìnrin tí ọ̀rọ̀ olórí kò kàn.

Ilé ni a sì ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí Ààrẹ ẹgbẹ́ wa bá ń fetí sí òfófó, láìpẹ́ gbogbo ìgbìmọ̀ yóò di olófòófó. Bí Akápò bá ń yí ìṣirò owó, àwọn tó ń gba owó yóò kọ́ ọ. Bí ìyá bá gba ìrẹsì àti aṣọ nítorí ìbò, kí ni yóò sọ fún ọmọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fún un ní owó láti gbé igi àti àdá?

Àwọn àgbà ní ẹni tó jọba tí ìlú tòrò, a kò ní gbàgbé rẹ̀. Ẹni tó jọba tí ìlú tú, a kò ní gbàgbé rẹ̀.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Irọ́ wo ni a máa ń fẹ́ gbọ́ nínú ẹgbẹ́ wa?
2. Bí a bá rẹ́ wa jẹ, báwo ni a ṣe lè béèrè ẹ̀tọ́ wa láìṣe ìkà?
3. Kí ni a ó sọ fún àwọn ọmọ wa kí ìdìbò mìíràn tó dé?

Àdúrà: Olúwa, fún ilẹ̀ wa ní olórí tí ó kórìíra irọ́. Dárí ayọ̀ búburú jì wá, kí o sì bẹ̀rẹ̀ òdodo láti inú ilé wa. Àmín.